Igi Àgbọn Tí Wọ́n Pè Ní Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Wa

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí wáyà, nítorí wáyà yẹn ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Ní etíkun tiwa, lẹ́yìn Eleko, níbi tí wọ́n bí mi sí, àwọn òṣìṣẹ́ kan gbé katakata dé, wọ́n gbẹ́ iyanrìn wa, wọ́n sì ri wáyà kan tó nípọn bí apá ọkùnrin mọ́ ibẹ̀. Wọ́n ní láti òkè òkun ló ti ń bọ̀, pé ìsàlẹ̀ omi ló gbà wá, pé ọ̀rọ̀ gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyá mi bu omi tútù fún wọn mu. Ó bi wọ́n pé ṣé ọ̀rọ̀ tiwa náà á máa gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ti gbogbo ayé ni." Wọ́n da iyanrìn bò ó padà, wọ́n lọ. Wáyà náà gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ìyá mi, ó kọjá lọ sí ọ̀nà Ajah, ó dé Lẹ́kkí Phase 1, ó wọ inú àwọn ilé tó ní géètì. Kò yà sọ́dọ̀ wa rárá.

Ajah ni mò ń gbé báyìí. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní ọ̀nà Addo, àwọn oníbàárà mi kan sì ń ti Lẹ́kkí Phase 1 wá. Obìnrin kan jókòó síwájú máṣíìnì mi lọ́jọ́ kan, ó ń ṣépè nítorí pé fíìmù tó ń wò lórí fóònù dúró díẹ̀. Ó ní ìjọba ò dáa, ilé iṣẹ́ fóònù ò dáa, òun máa kó kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí. Mò ń gé aṣọ rẹ̀ lọ. Ìyá mi ni mò ń rò, ìyá mi tó jẹ́ pé orí wáyà yẹn gan-an ló ti ń yan ẹja, tó sì jẹ́ pé bó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, àfi kó rìn dé ìdí igi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti igi yẹn dáadáa. Igi àgbọn ni. Àrá ti sán orí rẹ̀ dànù kí wọ́n tó bí mi, ó wá ku òpó lásán lórí òkìtì iyanrìn kan létí omi, ó jìnnà sí àwọn ilé. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rí i pé ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń balẹ̀ sí ní gbogbo àdúgbò wa. Láti ibi jíjìn ló ti ń gba ojú omi wá, bí àlejò tó ṣìnà. Bí o bá fi ìdí igi sílẹ̀ díẹ̀ báyìí, ó ti lọ. Bí àwọn ará wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìṣó mọ́ ọn nìyẹn. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣó tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á fi fóònù wọn sínú náílọ́ọ̀nù, wọ́n á gbé e kọ́, wọ́n á bá iṣẹ́ wọn lọ. Àwọn ọkùnrin á lọ sórí omi, àwọn obìnrin á lọ sídìí ààrò ẹja.

Èyí tó bá dún, ẹni tó bá wà nítòsí ni yóò gbé e. Òfin wa nìyẹn. O ò gbọdọ̀ jẹ́ kí fóònù ẹlòmíràn dún títí kó fi dákẹ́. Wàá gbé e, wàá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ó ti lọ sórí omi, kí ni kí n bá yín sọ fún un?" Wàá sì jẹ́ iṣẹ́ náà délé ẹni tí wọ́n rán ọ sí. Nítorí náà, kò sí àṣírí láàárín wa. Ọkùnrin kan ní Ajah fẹ́ fẹ́ mi nígbà tí mo ṣì wà nílé, bàbá mi ló gbé ìpè rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán kí bàbá mi tó dá a lóhùn pé, "Mo ti gbọ́, mà á sọ fún un." Kò pè mọ́ láéláé.

Bí wọ́n bá gbé ìyàwó wọ àdúgbò wa, ìyá ọkọ á mú òòlù àti ìṣó tuntun ní ọjọ́ kejì, á lọ kan tirẹ̀ mọ́ igi. Ìgbà yẹn ni ìyàwó tó di ará ilé. Ẹni tó bá kú, a kì í yọ ìṣó rẹ̀. Ìṣó bàbá mi wà níbẹ̀, ó ti dípẹtà, kò sẹ́ni tó ń gbé nǹkan kọ́ ọ. Mo fẹ́ràn igi yẹn, mi ò ní purọ́. A máa ń fi yangàn fún àwọn àlejò tó ń wá gbafẹ́ ní Eleko lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á ní orí àwa ará etíkun pé.

Lẹ́yìn náà ni àbúrò mi rọbí nínú òjò.

Àbúrò kan ṣoṣo tí mo ní nìyí. Òun kò kúrò ní etíkun. Apẹja ló fẹ́, ilé wọn sì kángun sí ti ìyá wa. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ni. Ọ̀sán ni ìrọbí mú un, òjò ń rọ̀, ọkọ rẹ̀ wà lórí omi. Ìyá wa mú fóònù rẹ̀ tó ti gbé wálé nítorí òjò, ó sáré lọ sídìí igi láti pe nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré lọ́nà Eleko. Ó gbé fóònù sókè títí apá fi ń ro ó. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá, ó ń lọ. Ó ń pariwo "hẹ́lò", òjò ń gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì máa fi gbọ́, tó máa fi dé, ọmọ ti kú. Nọ́ọ̀sì ní bó bá jẹ́ pé wọ́n tètè pe òun ni, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Obìnrin dáadáa ni, kò fi bá ẹnikẹ́ni wí. Àmọ́ àbúrò mi gbọ́ ọ láti orí ẹní tó wà.

Kò sunkún lójú mi. Ó kàn dákẹ́ ni, ó sì pẹ́ kó tó padà máa sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Nígbà tó tún lóyún, mo sáré lọ bá a, mo ní kó kó ẹrù rẹ̀ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Ajah títí yóò fi bímọ. Mo ti gbá yàrá dè é, mo ti ran kọ́tìnì tuntun. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u.

"Àǹtí mi, ẹ ṣeun," ó wí. "Mi ò lọ."

"Kí ló dé?"

"Torí pé èmi kọ́ ló yẹ kó kúrò níbí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló yẹ kó wá. Bí mo bá sá wá bímọ lọ́dọ̀ yín, ìyàwó ilé kejì ńkọ́? Ṣé yàrá yín máa gba gbogbo wa ni?"

"Ìwọ ni mo mọ̀," mo wí. "Èmi ò mọ ìyàwó ilé kejì."

"Èmi mọ̀ ọ́n," ó wí. "Ẹ gbọ́, mi ò ní bímọ mìíràn síbi tí ohùn mi ò ti lè jáde, mi ò sì ní torí ẹ̀ kúrò nílé mi. Ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ ojú ọ̀nà ọ́fíìsì wọn."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo halẹ̀ mọ́ ọn, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí mo bá ti parí, kí n wá jẹun.

Bí mo ṣe lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ fóònù ní Lẹ́kkí Phase 1 nìyẹn. Wọn ò kọ́kọ́ fẹ́ kí n wọlé. Mo sọ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì pé mi ò ní kúrò níbẹ̀, ó sì rí i lójú mi pé òótọ́ ni mò ń sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbà mí wọlé nígbẹ̀yìn. Ọmọlúàbí ni, ẹ̀wù rẹ̀ funfun, ọ́fíìsì rẹ̀ sì tutù débi pé ìka ọwọ́ mi ń ro mí. Mo ro gbogbo ẹjọ́ mi fún un. Ó gbọ́ mi délẹ̀.

"Màdáámù, ẹ pẹ̀lẹ́," ó wí. "Ọ̀rọ̀ yín yé mi, seriously. Òfin wà fún un. Gbogbo ilé iṣẹ́ fóònù ló ń dáwó kí sábíìsì lè dé ibi tí kò bá sí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣẹ́kù sẹ́yìn, bó wà nínú igbó, bó wà létí òkun. Ẹ̀tọ́ yín ni."

Inú mi dùn. Mo ní, "Ẹ ṣeun o. Nígbà wo lẹ máa wá?"

"Ibi tí kò sí sábíìsì ni mo sọ o, Màdáámù. Ní tiyín, ó wà."

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Àwòrán gbogbo ilẹ̀ wa ló wà níbẹ̀. Lẹ́kkí Phase 1 ń tàn yanran. Ajah ń tàn. Lẹ́yìn Eleko, etíkun ṣókùnkùn biribiri, àfi ibì kan ṣoṣo létí omi tó ń dán gbinrin.

"Ẹ wò ó," ó wí. "Fóònù ló pọ̀ níbẹ̀ yẹn, láti àárọ̀ dalẹ́. Wọn kì í kúrò níbẹ̀. Wọn kì í já. Ká sọ tòótọ́, ibẹ̀ ló dáa jù ní gbogbo apá ibẹ̀ yẹn."

Mo wo ibi tó ń dán yẹn. Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé mi.

"Igi nìyẹn," mo wí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Igi àgbọn ni! Ara rẹ̀ la gbé fóònù wa kọ́. Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀ yẹn, ìṣó ló wà níbẹ̀!"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Mo tún un ṣàlàyé, mo fi ọwọ́ júwe ìṣó, mo júwe náílọ́ọ̀nù. Ó ní kọ̀ǹpútà ò mọ igi, pé fóònù ló mọ̀, pé ibi tí fóònù bá wà, ènìyàn ló wà níbẹ̀. Mo ní kó tẹ̀ lé mi kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ó ní wọn kì í rán àwọn lọ síbi tí nǹkan ò ti bàjẹ́. Ẹ gbọ́ o: ibi tí nǹkan ò ti bàjẹ́! Díẹ̀ ló kù kí n gbé kọ̀ǹpútà yẹn là mọ́lẹ̀. Mo gbé àpò mi, mo jáde, mi ò kí i pé ó dàbọ̀.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé mi padà, èmi nìkan ń dá sọ̀rọ̀. Gbogbo ọdún tí a fi ń yangàn pé orí wa pé, ẹ̀rí la ń kó jọ takò ara wa. Wọ́n fi ìyà jẹ wá, a wá ọgbọ́n tí a fi máa gbà á mọ́ra, wọ́n wá mú ọgbọ́n yẹn gan-an, wọ́n ní ẹ wò ó, ìyà kankan ò jẹ wọ́n. Inú bí mi sí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Inú bí mi sí igi. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ń yẹ̀ mí wò nínú dígí, ó ní, "Àǹtí, ṣé kò sí wàhálà o?" Mo ní wàhálà wà o.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí àwọn aláṣọ funfun ti jáde nínú ìsìn, Baálẹ̀ pe gbogbo wa jọ sábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe. Mo sọ ohun tí mo rí fún wọn. Ariwo ta. Àwọn kan ń bú kọ̀ǹpútà, àwọn kan ń bú mi bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é. Bàbá àgbà kan tó jẹ́ wòlíì ìjọ dìde, ó ní ká gbàdúrà kí Ọlọ́run la ojú kọ̀ǹpútà náà. A ṣe àmín. Àbúrò mi ò ṣe àmín. Oyún rẹ̀ ti yọ dáadáa nígbà yẹn. Ó di òpó àtíbàbà mú, ó dìde.

"Ẹ jẹ́ ká kó fóònù wa kúrò lára igi," ó wí. "Ká pa gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ fóònù nìkan ni kọ̀ǹpútà wọn ń rí, kó má rí nǹkan kan mọ́."

Ohun tó ń sọ kì í ṣe kékeré. Ara igi yẹn ni àwọn tó ń ra ẹja wa ní Ajah ń pè sí. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, ìdí igi yẹn nìkan ló ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ìwọ náà ńkọ́?" Baálẹ̀ bi í. "Pẹ̀lú bí o ṣe wà yìí. Bí ìrọbí bá mú ọ ńkọ́?"

"Bàbá, ìrọbí ti mú mi nígbà kan rí," àbúrò mi wí. "Igi wà níbẹ̀ nígbà yẹn."

Ó rìn jáde lábẹ́ àtíbàbà, gbogbo wa tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé ìdí igi, ó yọ fóònù tirẹ̀ kúrò lórí ìṣó, ó pa á, ó fi há ìbàdí ìró rẹ̀. Ìyá wa tẹ̀ lé e, Baálẹ̀ tẹ̀ lé ìyá wa. Ìyá tó ní ọmọ lókè òkun ló gbẹ̀yìn. Ó ń sunkún, àmọ́ ó mú un.

Ó wù mí kí n sọ pé gbogbo wa dúró ṣinṣin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí ìyá wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí náílọ́ọ̀nù lára igi láàárọ̀. Ẹnì kan á ní oníbàárà ẹja lòun ń dúró dè, òun ò ní pẹ́. Òmíràn á ní òun kàn fẹ́ wo aago ni. Wọ́n ká wòlíì náà mọ́ ibẹ̀, ó ní ará ìjọ kan fẹ́ béèrè ìran lọ́wọ́ òun. Ìyá wa ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó lọ yá ayùn lọ́wọ́ ẹni tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ó pe ọkọ àbúrò mi, wọ́n sì wó igi náà lulẹ̀ ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n là á sí wẹ́wẹ́, wọ́n kó o lọ sídìí ààrò ẹja rẹ̀.

Nígbà tí mo dé, kùkùté ni mo bá. Mo pariwo mọ́ ìyá mi, ohun tí mi ò ṣe rí láyé mi.

"Màmá! Kí lẹ ṣe yìí? Ọmọ yín ò ní pẹ́ bímọ!"

"Mo mọ̀."

"Bó bá wá ṣẹlẹ̀ bíi ti ìjọ́sí ńkọ́?"

Ó ń fẹ́ná. Èéfín àgbọn ń ta mí lójú. "Ìwọ lo wá sọ fún wa pé igi yẹn ń jẹ́rìí èké mọ́ wa," ó wí. "Mo ti pa á lẹ́nu mọ́."

Ó fi igi wa eérú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì rí àwọn ìṣó náà nínú rẹ̀, wọ́n ti dúdú. Ó ń ṣà wọ́n sínú agolo mílíìkì. Mo dá ti bàbá mi mọ̀, torí ó tẹ̀ ní ọrùn.

"Mà á tọ́jú wọn," ó wí. "Àmọ́ ọmọ tó ń bọ̀ yìí, mi ò ní kan ìṣó kankan fún un. Kò ní gbé ohùn rẹ̀ kọ́ sára igi."

Àkókò yẹn le fún mi. A ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ náà o. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ń wá yẹ àbúrò mi wò, kò dúró de ìpè mọ́. Alfa kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ ní Eleko máa ń wá lẹ́yìn ìrun Alásárì, á gúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á jókòó sínú kẹ̀kẹ́, á máa ka tẹ̀sùbáà, ó ní bí wọ́n bá ti fẹnu pe òun báyìí, òun ti ṣe tán. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ìrọbí pé kó dúró de Alásárì? Bí mo bá pe nọ́ńbà àbúrò mi láti Ajah, obìnrin inú fóònù á ní kò ṣeé bá sọ̀rọ̀ lásìkò yìí. Mo máa ń bú obìnrin yẹn. Mo ran apá aṣọ ìgbéyàwó ẹnì kan sódì, mo tú u, mo tún ran án sódì. Mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù láìrò tẹ́lẹ̀, mà á wọ kẹ̀kẹ́, mà á lọ fojú gán-án-ní rẹ̀, mà á tún padà. Ó máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú mi ti dà bíi ti aboyún.

Mo wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n dé. Ọkọ̀ ńlá funfun kan ni, àwọn ọkùnrin mélòó kan ló wà nínú rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọlúàbí tèmi sì wà láàárín wọn, ó wọ bàtà dídán wá sínú iyanrìn. Ó ní ibi tó ń dán létí omi ti kú pátápátá lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì rò pé ẹ̀rọ àwọn ló bàjẹ́. Baálẹ̀ ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ pe ọ́fíìsì ná. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yọ fóònù rẹ̀, ó wò ó, ó gbé e sókè. Ó rìn lọ sẹ́yìn ilé, ó rìn padà. Ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀. A jókòó, à ń wò ó. Baálẹ̀ ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí òógùn ti mu ẹ̀wù rẹ̀ tán, ó wá bá ìyá mi nídìí ààrò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lèèyàn ti lè pe èèyàn níbí?"

Ìyá mi na abẹ̀bẹ̀ tó fi ń fẹ́ná sí ọ̀nà kùkùté. "Ibẹ̀ yẹn."

Ó lọ. Ó gun orí kùkùté náà, ó na apá sókè. Ó ṣe hẹ́lò, ó já. Ó tún ṣe hẹ́lò, ó já. Àbúrò mi dìde pẹ̀lú oyún rẹ̀, ó rọra rìn lọ dúró níwájú rẹ̀.

"Ọ̀gá," ó wí, "bí ẹ ṣe dúró yẹn ni ìyá mi ṣe dúró nínú òjò nígbà tí ọmọ mi ń kú."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀. Ojú tì í, mo rí i, mi ò sì ṣàánú rẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Màdáámù, ṣé igi tí ẹ sọ nìyí?" Mo ní ohun tó kù nínú rẹ̀ nìyẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n gbé ọkọ̀ akẹ́rù kan wá. Òpó irin gígùn tó ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n nà sókè, ó sì ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni, kí èyí tí yóò wà títí tó dé. A tan fóònù wa. Ìgbà àkọ́kọ́ tí fóònù dún nínú ilé, ìyá mi fò dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìta bóyá ẹnì kan máa gbé e. Àbúrò mi ní, "Màmá, tiyín ni. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ gbé e."

Orí máṣíìnì ni mo wà ní Addo nígbà tí tèmi dún. Ohùn àbúrò mi ń gbọ̀n, àmọ́ ó mọ́ gaara.

"Àǹtí mi, ó ti bẹ̀rẹ̀ o. Orí ẹní mi ni mo ti ń pè yín. Mo ti pe nọ́ọ̀sì, ó ti wà lọ́nà. Ẹ má sáré."

Mo sáré. Mi ò tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Kí n tó dé, nọ́ọ̀sì ti gbẹ̀bí, ọmọ ti dé, obìnrin ni, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Igi àgbọn yẹn tó ṣẹ́kù nídìí ààrò ni ìyá mi fi dáná omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún débi tí nọ́ọ̀sì fi ní kí n lọ sun ún níta, pé mò ń dẹ́rù ba ọmọ.

Ọmọ náà ti ń gbé orí dúró fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n padà wá gbé ọkọ̀ wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn náà ni. Wọ́n fẹ́ ṣe àríyá ńlá kan létí òkun lápá Lẹ́kkí, àwọn olórin ń bọ̀, èrò máa pọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ò sì ní tó fún gbogbo èrò láti fi fọ́tò ránṣẹ́.

"Ìgbà díẹ̀ ni, Màdáámù," ó wí fún mi. "A máa dá a padà, I promise. Àti pé a ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé temporary ni."

Kí n tó la ẹnu, àbúrò mi ti gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ akẹ́rù náà, ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀, ó fi ọmú sọ́mọ lẹ́nu.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́," ó wí. "Ọmọ mi yìí, kì í ṣe ti ìgbà díẹ̀ ní tirẹ̀. Àwọn aboyún sì tún wà nínú àwọn ilé yẹn. Ẹ lọ bi wọ́n ọjọ́ tí wọ́n máa rọbí, kí ẹ wá mú àríyá yín sí ọjọ́ míì."

Ìyá wa jáde wá pẹ̀lú agolo mílíìkì rẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn níwájú táyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìṣó, ó dorí wọn kodò, ẹnu wọn wà lókè. Bó ṣe ń ri ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ ló ń pe ilé tó ni ín. "Ti ilé Baálẹ̀ rèé. Ti ilé wòlíì rèé. Ti ọkọ mi rèé." Ẹni tó bá pe ilé rẹ̀ á jáde wá, á dúró sẹ́yìn ìṣó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pariwo. Wòlíì dúró nínú aṣọ funfun rẹ̀, kò sì ní ká gbàdúrà. Alfa oníkẹ̀kẹ́ tí kò ní ìṣó níbẹ̀ rí náà wá dúró. Ìyá tó ní ọmọ lókè òkun gbé fóònù sétí, ó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Awakọ̀ yọrí lójú fèrèsé, ó wo táyà, ó wo ìṣó, ó pa ẹ́ńjìnnì. "Ọ̀gá, mi ò lè gba orí èyí kọjá," ó wí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn yọ fóònù láti pe ọ́fíìsì. Kò gun orí nǹkan kan. Ìpè náà wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gbogbo wa sì ń gbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀ tó ń béèrè kí ló ń dá wọn dúró.

Ọkọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ní yóò wà títí kò tíì dé, wọ́n ní àwọn ṣì ń ṣètò rẹ̀. Táyà rẹ̀ ti ń rọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa yá wọn pọ́ọ̀ǹpù ní gbogbo etíkun wa. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé iyanrìn bo ìṣó, ìyá mi á lọ hú wọn jáde láàárọ̀, á tún wọn tò, kó tó lọ dáná ẹja.

Mò ń kọ èyí lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí fóònù mi dún. Àbúrò mi ni. Àyà mi já, torí ó ti mọ́ mi lára, mo sì gbé e kíá, mo ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ó ní kò sí nǹkan kan. Ọmọ ń sùn, òun ń yan ẹja, òun kàn ní kí òun pè mí ni.